Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Mo Tò Nínú Gáréèjì Nítorí Orúkọ Ọmọ

Ẹ jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fẹ̀yìn ti ìrù ọkọ̀ yẹn o. Bí ó bá kán, ẹni tó kán an ni yóò lọ wá òmíràn wá láti Ìlú Ó-kù-díẹ̀. Èmi ti lọ tèmi, n kò sì lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn díẹ̀, ó ga díẹ̀, ó sì ní ibi tó ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó ṣáà máa gbọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀. Àìgbàgbọ́ kì í di etí.

Orúkọ mi ni Ọdẹ́ṣínà, ọmọ Ìdí-Emi níbí. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi ní ìbọn, kò sì sí èyí tó kọ́ mi ní sípánà. Ojú ni mo fi kọ́ ọ, ọwọ́ ni mo fi bà á jẹ́, ẹnu ni mo sì fi tún un ṣe. Máa rẹ́rìn-ín, Ọ̀jẹ́dìran. Ẹ̀yin àlejò, ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ìkòkò omi yẹn, aládùúgbò mi ni. Kò tíì gba ohunkóhun gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, bí fún mi: Ọdẹ́bùnmi. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó ní òun rí ọkọ ní Òkè-Ìkùukùu, ìlú tó wà lódì kejì Igbó Àìpadà. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí ọkọ nítòsí ni?"

Ó ní, "Bàbá, wọ́n wà, àmọ́ ẹ ti fi ìbọn dẹ́rù ba gbogbo wọn."

Wọ́n gbé e lọ sílé ọkọ lórí ìkùukùu. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí èmi náà kò gun ìkùukùu lẹ́yìn rẹ̀. Ìkùukùu wọn a máa gbé ìyàwó. Kì í gbé àna.

Ó pẹ́ títí, afẹ́fẹ́ gbé ohùn Ọdẹ́bùnmi dé etí fèrèsé wa. Ó lóyún, oyún náà sì ti ga. Ṣùgbọ́n ìlú ọkọ rẹ̀ ní àṣà kan. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, olórí ẹbí á wo ọ̀tún, á wo òsì, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni yóò fi sọ ọmọ lórúkọ. Bí kò bá rí ẹnikẹ́ni láti ilé ìyá ọmọ, Kòlẹ́ni ni yóò pè é, orúkọ náà kò sì ní kúrò lára rẹ̀ títí tí wọn yóò fi sin ín. "Bàbá," ni ohùn náà wí, "àwọn Kòlẹ́ni wà ní àdúgbò mi. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí níbi gbogbo, àwọn ni wọ́n sì ń bu oúnjẹ fún kẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tèmi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn."

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ, kò sunkún. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọdẹ tó ń fọ́nnu láti àárọ̀, iṣẹ́ dé o."

Iṣẹ́ dé lóòótọ́. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rin Igbó Àìpadà já nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, yóò débẹ̀ nígbà tí ọmọ náà bá ń wá ọkọ. Ilẹ̀ kò gbà á, ó di òkè. Mo sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ àtijọ́ pé ìlú kan wà nínú igbó yẹn, níhà tọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ tó ń fò. Mo kó ìbọn, mo wọ ẹ̀wù ọdẹ mi tí oògùn ń ró wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lára rẹ̀, mo kọjú sí igbó.

Ní ẹnu ibodè igbó, iwin kan dìde dúró, ó ga ju ìrókò lọ, orí méjì ni ó ní. Orí ọ̀tún ní, "Kọjá." Orí òsì ní, "Bí o bá kọjá, mo gbé ọ mì." Mo kọjá díẹ̀, orí òsì la ẹnu. Mo padà, orí ọ̀tún ní mo rí òun fín. Ẹ wò mí, èmi Ọdẹ́ṣínà, mo dúró láàárín bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ bí ẹni tí àna rẹ̀ méjì ń bínú sí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, n kò kọ̀ láti gbọ́ràn, àmọ́ ta ni àgbà nínú yín, kí n lè mọ ọ̀rọ̀ ẹni tí n ó tẹ̀ lé?"

Orí ọ̀tún ní, "Èmi ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wa."

Orí òsì rẹ́rìn-ín. "O kọ́kọ́ jáde? Táíwò ni ọ́ nìyẹn. Èmi ni mo rán ọ jáde pé kí o lọ tọ́ ayé wò fún mi. Ṣé ìránṣẹ́ ń ṣe àgbà ọ̀gá rẹ̀ ni?"

"Ta ni ìránṣẹ́ rẹ?"

"Ìwọ."

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo rọra gba àárín ẹsẹ̀ wọn kọjá. Nígbà tí mo padà, wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan ti ń pe ẹlẹ́rìí. Bí ẹ bá dákẹ́ dáadáa nísinsìnyí, ẹ ó gbọ́ wọn. Rárá, Ọ̀jẹ́dìran, ewúrẹ́ nìyẹn.

Bí mo ṣe rìn síwájú ni mo já sí Ìlú Ó-kù-díẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá ti rí ohun tí kò parí rí, ọmọ ìlú yẹn ni. Ilé wọn kò ní òrùlé. Àwọn tó ní òrùlé kò ní ògiri. Ọkùnrin kan wọ agbádá ọlọ́wọ́ kan. Obìnrin kan ń di irun, ó di ìdajì, ó sì ti fi ìdajì yẹn bí ọmọ márùn-ún. Wọ́n kí mi ní "Ẹ kú...", wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ọba wọn jókòó lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ìjòyè kan ló ń fi èjìká ṣe ẹsẹ̀ yòókù. Mo ní mo wá gba ọkọ̀ tó ń fò. Ọba ní, "A kì í fún àlejò ní nǹkan láì jẹ́ pé ó já àlọ́ wa. Fetí sílẹ̀. Kí ni ó ń lọ lókè lókè, tí kò dé..." Ó sì dákẹ́. Mo dúró. Àwọn ìjòyè dúró. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà. Mo rí igbá agbárí àwọn àlejò mìíràn lẹ́sẹ̀ ìtẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn la ẹnu bí ẹni tó ń retí ìyókù àlọ́ náà títí tí ikú fi dé.

Mo ní, "Kábíyèsí, ìdáhùn rẹ̀ ni..." Èmi náà sì dákẹ́. Mo na ọwọ́, mo bu nínú ẹ̀pà rẹ̀.

Ọba fò dìde, àga ṣubú lu ìjòyè. "Ọmọ wa ni! Ẹ gbé àpótí náà fún un."

Wọ́n gbé àpótí kan jáde tó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Nínú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan wà: ìyẹ́ méjì, ìrù, ẹ́ńjìnnì, táyà, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú, pẹ̀lú bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó pọ̀ bí èèrà. Ọba ní, "Baba ńlá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí."

"Kí ló kù, Kábíyèsí?"

"Kí wọ́n tò ó pọ̀ ni." Ojú rẹ̀ wá le. "Bí o bá tò ó parí, tìrẹ ni. Bí o bá tò ó tì, ọmọ ìlú wa ni ọ́, a ó sì wá mú ọ. Ilé rẹ ti wà nílẹ̀, ògiri rẹ̀ nìkan ló kù."

Ó fún mi ní àwọn alágbára tí yóò bá mi gbé e. Wọ́n gbé e dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ní ó kù díẹ̀. Èmi ni mo wọ́ ọ dé ilé.

Gáréèjì tí ẹ jókòó sí yìí, ẹ̀gbọ́n mi tó ti di ẹni ilẹ̀ ló kọ́ ọ fún lọ́rì rẹ̀. Lọ́rì lọ, ewúrẹ́ gba ibẹ̀. Mo lé ewúrẹ́, mo tú àpótí sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo to ara ọkọ̀, mo to ìrù, mo gbé ìyẹ́ òsì, mo dè é pinpin. Àwẹ̀ró gbé omi wá fún mi, ó dúró, ó fi ojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ mi.

"Baba Ọdẹ́bùnmi, ẹyẹ wo lẹ rí rí tó kọ ikùn sí ọ̀run fò?"

Mo ní, "Kò sí."

"Kí ló ṣe ìyẹ́ yìí tó fi kọ ikùn sí ọ̀run? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń pa ẹyẹ láti kékeré, àbí ẹnu ọbẹ̀ nìkan lẹ ti ń wò wọ́n?"

Mo lọ gbé àkàlà kan tí mo pa, mo na ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo wò ó. Ó tẹ̀ bí ẹ̀yìn igbá lókè, ó pẹlẹbẹ nísàlẹ̀. Èmi tí mo ti jẹ àkàlà kún ikùn, n kò mọ bí apá rẹ̀ ti rí! Mo tú ìyẹ́ náà, mo yí i padà. Àkàlà yẹn nìkan ló kọ́ mi ní iṣẹ́ ọkọ̀, ó sì ti kú kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan ìlú yẹn ní àrùn kan, a máa ràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó wọ̀ mí lára. Mo fá irùngbọ̀n, mo fá apá kan. Mo fẹ́ sín, ó dé imú, ó dúró. Tí Àwẹ̀ró bá béèrè pé iṣẹ́ ńkọ́, mo ní, "Ó kù díẹ̀," màá sì na ẹsẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́, màá sùn. Oyún kò dúró dè mí, ó ń ga sí i. Nígbà náà ni Àwẹ̀ró mú oògùn tirẹ̀ jáde. Mo béèrè oúnjẹ, ó ní, "Ó kù díẹ̀." Ọ̀sán lọ, ó kù díẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ó kù díẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo yọjú sí ìdáná, iná kò sí níbẹ̀, obìnrin náà jókòó, ó ń fi igi ta eyín.

"Àwẹ̀ró, ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Ọbẹ̀ wà nínú ata, ata wà lóko. Ṣebí kí a tò ó pọ̀ ló kù."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo sáré. Sípánà ń ké lọ́wọ́ mi bí ẹyẹ ìbákà. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ ti dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí mo ṣe ń nu ọwọ́ ni ìránṣẹ́ Ọba Ó-kù-díẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí ọkọ̀ po. Ó fi ìka lù ú, ó fetí sí bó ṣe ń dún, kò rí nǹkan kan tó kù. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó rí bóòtù kan ṣoṣo nínú eruku. Ó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Kí nìyí? Ó kù díẹ̀ nìyí!"

Mo ti ń wo okùn náà, ó kúrú, mo sì ń rò ó pé bóyá kò ní lè dì mí tán. Àwẹ̀ró wá síwájú, ó gba bóòtù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi han oòrùn.

"Èyí? Gbogbo ihò ló ti ní tirẹ̀, ẹ kà wọ́n. Ẹ̀yin lẹ fi èyí lé e. Ìlú yín ló ṣe é kọjá bó ṣe yẹ."

Ìránṣẹ́ náà fà sẹ́yìn. "Kọjá bó ṣe yẹ? Àwa?"

"Ẹ̀yin. N ó sì ránṣẹ́ sí ọba yín pé iṣẹ́ yín parí, ó tún ṣẹ́kù."

Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́. Ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ bo ojú nítorí ìtìjú, ó sá lọ, bàtà ẹsẹ̀ kan náà já sílẹ̀. Èmi ọdẹ ńlá ni mo tò ó. Obìnrin ni ó gbà á là. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo Àwẹ̀ró lójú, ẹ máa fi ọ̀wọ̀ wò ó.

Ẹ má sì bi mí bí mo ṣe gbé ọkọ̀ tó fẹ̀ tó báyìí gba ẹnu ọ̀nà. Ihò tí ewúrẹ́ ń gbà wọlé yẹn, òun ni ìdáhùn.

Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ tún fi gbé ohùn Ọdẹ́bùnmi dé: "Mo ti bí. Obìnrin ni. Bàbá, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti sún mọ́lé." A gbé ọkọ̀ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé, gbogbo Ìdí-Emi sì tú jáde. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe níbí: a kì í lọ wo ọmọ tuntun lọ́wọ́ òfo, a kì í sì í kọ ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni bá fi rán ni sí ọmọ. Ìyá àgbà tó wà lókè odò gbé iṣu wá. Wọ́n gbé ata gígún, wọ́n gbé ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, wọ́n gbé òrí, wọ́n gbé ọṣẹ dúdú, wọ́n gbé adìyẹ ààyè, wọ́n gbé ọlọ. Ọ̀jẹ́dìran tó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, òun náà gbé odó wá, ó ní kí n fi sẹ́yìn. Èmi alára gbé ìbọn, mo wọ ẹ̀wù oògùn mi.

Mo tẹ ẹ́ńjìnnì. Ó wúkọ́, ó bú, ọkọ̀ sáré. Ó sáré títí, kò fò. Ó já inú oko ẹ̀gẹ́ Ọ̀jẹ́dìran, ó dúró síbẹ̀ bí àgbẹ̀.

Hà, ẹnu yà sílẹ̀! Wọ́n ní ayé ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ bọ Ògún. Àwẹ̀ró ní, "Ẹrù ni." Gbogbo wọn gbà pé ẹrù ni, àmọ́ ẹrù ta ni? Oníṣu ní ọlọ ló wúwo. Ọlọ́lọ ní odó ni. Ọ̀jẹ́dìran ní odó òun fúyẹ́, òun fi igi fífúyẹ́ gbẹ́ ẹ ni, adìyẹ yẹn ló sanra. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ tirẹ̀ kalẹ̀, n kò sì lè bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ẹ̀bùn tí a bá já kúrò lọ́nà ọmọ, ìjà ìdílé ni. Oòrùn ń yí. Mo rí i lọ́kàn mi bí àgbà ìlú kan ti ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì.

Àwẹ̀ró wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Àwọn ènìyàn ń wo ẹni tó ni ọmọ. Ẹrù tiyín ńkọ́?"

Ẹrù tèmi. Ìbọn tí kò fi èjìká mi sílẹ̀ rí. Ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀. Ẹ̀yin kò mọ ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ mi. Láìsí ẹ̀wù yẹn, baba arúgbó onírùngbọ̀n apá kan ni mí. Mo bọ́ ọ. Mo gbé e lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́ pẹ̀lú ìbọn, ó ku èmi àti ṣòkòtò. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, Ọ̀jẹ́dìran pàápàá kò rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró yíjú sí wọn. "Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá fún ọmọ ní ẹ̀bùn, ṣebí ó máa ń sọ ọ́ lórúkọ pẹ̀lú? Ẹ̀bùn ló ń tẹ̀ lé orúkọ. Ẹ kó iṣu sílẹ̀, kí ẹ mú orúkọ wá. Orúkọ kì í wúwo."

Wọ́n rò ó. Ìyá àgbà òkè odò ló kọ́kọ́ gbé iṣu rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó sì sọ orúkọ sí mi létí. Ọlọ́lọ tẹ̀ lé e. Wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń sọ orúkọ. Orúkọ pọ̀ ju ohun tí orí lè gbà lọ, àmọ́ ọdẹ kì í fi orí ka orúkọ. Mo sọ wọ́n di ìjálá, ọ̀kan ń fa èkejì lọ́wọ́. Àwẹ̀ró ló sọ tirẹ̀ kẹ́yìn, n kò ní sọ ọ́ fún yín nísinsìnyí. Iṣu tí wọ́n kó sílẹ̀ ńkọ́? Àwẹ̀ró sanra lọ́dún yẹn.

Ọkọ̀ sáré, ó gbéra. Mo rí òrùlé yín láti òkè, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ lọ tún wọn ṣe.

Ní àárín òfuurufú, ìyá arúgbó kan jókòó, ó ń ran òwú. Ìkùukùu ni òwú rẹ̀. Ó na ìka kan, ó fi dá abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ mi dúró. Ọkọ̀ rọ̀ kodoro lójú ọ̀run. Ìyá Ẹ̀fúùfù nìyẹn.

Ó ní, "Kí lo gbé tí ọkọ̀ rẹ fúyẹ́, tí ẹnu rẹ sì kún?"

Mo ní, "Orúkọ ni, ìyá àgbà."

"Fún mi ní ọ̀kan kí n jẹ, kí o máa lọ."

N kò ní purọ́ fún yín: ti Ọ̀jẹ́dìran ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí n ó bá fa ọ̀kan yọ nínú ìjálá, gbogbo rẹ̀ ni yóò já. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀bùn ẹlẹ́bùn ni, a kì í fi san ibodè. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ kò ní ohun tí ẹ ó fún ọmọ tuntun ni?"

Òwú dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò pè mí síbi ìsọmọlórúkọ rí. Bí mo bá ti yọjú, wọ́n á di fìlà mú."

"Mo pè yín."

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. "Sọ fún wọn pé Afẹ́fẹ́kẹ́mi ni tèmi. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ." Ó tú abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ ẹ̀fúùfù kan sí mi, mo sì bá ara mi nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Òkè-Ìkùukùu. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, àkàlà yẹn kò kọ́ mi.

Mo sáré wọ agboolé. Wọ́n ti jókòó, omi ti wà nínú àwo, Baba Ọláníhún, olórí ẹbí ọkọ, ti wo ọ̀tún, ó ti wo òsì, ẹnu rẹ̀ ti là. Ọdẹ́bùnmi gbé ọmọ dání, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú ìnáwó o. Ẹbí ìyá ọmọ dé."

Baba Ọláníhún wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nírun mi. "Àna wa, ẹ kú àbọ̀. Àmọ́ ẹnìkan kì í jẹ́ ẹbí. N kò rí iṣu, n kò rí adìyẹ, n kò rí èrò lẹ́yìn yín."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá. Orúkọ ti ìyá àgbà òkè odò jáde, ti ọlọ́lọ tẹ̀ lé e, ti Ọ̀jẹ́dìran pàápàá jáde ketekete. Mo ń ki, wọ́n ń kà, wọ́n ṣì í kà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo pe Afẹ́fẹ́kẹ́mi, Baba Ọláníhún na ọwọ́ sókè.

"Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ojú la fi ń sọ ọmọ lórúkọ níbí. Àwọn tí ẹ ń pè yìí, a kò rí wọn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ kò rí afẹ́fẹ́ náà, àmọ́ fìlà yín dà?"

Ó fi ọwọ́ kan orí. Fìlà ti ń fò lọ lókè ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo agboolé sì dìde wò ó. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, nínú àwọn Kòlẹ́ni. Ó ran ẹlòmíràn, ó ran gbogbo wọn, ó dé ọ̀dọ̀ Baba Ọláníhún alára, baba náà di ikùn mú.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sí mi. "Ẹbí ìyá ọmọ pọ̀. Èwo la ó máa pè é nínú gbogbo èyí?"

Mo ní, "Ó ku ọ̀kan tí n kò tíì pè. Ìyá rẹ̀ àgbà ló fi rán mi." Mo tẹ̀ sí etí Ọdẹ́bùnmi, mo sọ ọ́. Ọmọ mi gbé orí sókè nígbà náà. Ó wo gbogbo wọn lójú, ó gbé ọmọ náà ga, ó sì pè é sókè fún gbogbo ìlú gbọ́:

"Àjọkẹ́."

Ibẹ̀ ni mo bá ọ̀rọ̀ dé. Ẹ dìde, ẹ gbọn ìdí yín nù. Kí kálukú pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ kó tó ti ilẹ̀kùn.